Kí Oyún Tó Dúró: Ìwádìí Ìgbéyàwó Àti Ọkàn Ọmọ Tí A Ó Bí

Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ilé ni òwe náà dárúkọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ ni mo fẹ́ fi í bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ láàárín wa pé aboyún yẹ fún ìtọ́jú. Bí oyún bá ti yọ, a ó máa kìlọ̀ fún ìyàwó pé kó má gbé ẹrù wúwo, kó má rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan, kó máa jẹ èyí, kó má jẹ tọ̀hún. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Ṣùgbọ́n ìgbà wo gan-an ni ìtọ́jú ọmọ yẹ kó bẹ̀rẹ̀? Ṣé ìgbà tí ikùn bá ti ga ni? Ṣé ọjọ́ tí ìyá bá kọ́kọ́ gba káàdì ní ilé ìwòsàn ni? Àbí ọjọ́ mìíràn wà ṣáájú èyí, tí àwọn baba ńlá wa mọ̀ lọ́nà tiwọn, tí àwa sì ti gbàgbé?

Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀bi tèmi.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a ṣe ìdáná ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí. Ajah ni a ti ṣe é, nínú gbọ̀ngàn kan tí kò jìnnà sí ọ̀nà Badore. Èmi ni ẹbí fi ṣe agbẹnusọ. Ọjọ́ náà dùn jọjọ. Alága ìjókòó àti alága ìdúró fi orin àti ẹ̀fẹ̀ gba owó lọ́wọ́ wa títí àpò fi gbẹ. A gbé oyin, iyọ̀, ataare, obì, orógbó àti ẹja àrọ̀ jáde, a sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn súre fún tọkọtaya. Ní ìparí, mo dìde, mo sì gba àdúrà tí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀: ẹ̀yìn ìyàwó kò ní mọ ẹní. Gbogbo ilé dáhùn pé, "Àṣẹ!"

Àdúrà náà gbà. Kí ọdún tó yípo, ọmọ ti dé. Ọmọ náà tóbi. Ó lé ní kílò 4 àbọ̀ nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Inú àwọn ìyá àgbà ń dùn pé ọmọ jẹun yó nínú ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì pé oṣù 2 tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí mí hẹlẹhẹlẹ nídìí ọmú. Òógùn a máa bò ó níwájú orí bí ẹni tó ru ẹrù. Bí ó bá mu ọmú díẹ̀, á fi í sílẹ̀, á sinmi, ara rẹ̀ kò sì wú mọ́. Láìpẹ́, ọ̀rọ̀ àbíkú bẹ̀rẹ̀ sí jáde lábẹ́lẹ̀. Nígbà tí ẹbí ọkọ jókòó, ìyá ọmọ ni wọ́n dojú ìbéèrè kọ. Kí ló jẹ nígbà tó lóyún? Ṣé kì í ṣe pé ó rìn ní ọ̀sán gangan? Èèwọ̀ wo ló tẹ̀ mọ́lẹ̀? Kò sí ẹni tó bi ọkọ ní nǹkan kan.

Dókítà ló tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ ìgbọ́kàn lé àyà ọmọ, ó ní òun ń gbọ́ ariwo tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Àyẹ̀wò fi hàn pé ihò wà lára ògiri tó pín ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ méjèèjì ọkàn ọmọ náà níyà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá wò, wọ́n sì rí ìtọ̀ ṣúgà. Gbogbo àmì ló fi hàn pé àrùn náà ti wà lára rẹ̀ kí oyún tó dúró, tí kò sì mọ̀. Dókítà náà kìlọ̀ fún wa pé òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìtọ̀ ṣúgà ìyá ló fa ihò yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ní irú ihò bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìdí rẹ̀. Ohun tí òun mọ̀ dájú ni pé bí ṣúgà bá pọ̀ lẹ́jẹ̀ obìnrin nígbà tí oyún ń dúró, ewu irú nǹkan bẹ́ẹ̀ a máa pọ̀ sí i.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá pé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ náà, ó sì ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ báyìí. Ṣùgbọ́n ohun kan kò kúrò lọ́kàn mi. Èmi mọ̀ pé ìtọ̀ ṣúgà wà nínú ìdílé wa. Ìyá ìyàwó, ẹ̀gbọ́n mi, ti ń lo oògùn rẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Ìyá tó bí àwa méjèèjì pàápàá ní i. Ó sì tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì pé ìwádìí ni ìpele tó ṣáájú nínú ètò ìgbéyàwó Yorùbá. Lọ́jọ́ tó kan ilé tèmi, mo wọ agbádá, mo súre, n kò sì béèrè nǹkan kan.

ÌBÉÈRÈ TÓ ṢÁÁJÚ ÌDÁNÁ

Láyé àtijọ́, bí ojú ọmọkùnrin bá là sí ọmọbìnrin kan, ẹbí kì í sáré gbé iṣu. Alárenà ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sójú ọ̀nà. Yóò lọ, yóò bọ̀, yóò jókòó ti àwọn tó mọ ilé náà láti ìdí pẹ̀pẹ̀. Ṣé wárápá kò sí nínú ìdílé wọn? Ṣé ẹ̀tẹ̀ kò sí? Ṣé wọn kì í ya wèrè? Ṣé àbíkú kì í dà wọ́n láàmú? Ṣé wọn kì í jalè, wọn kì í sì í jẹ gbèsè? Ẹbí ìyàwó náà kì í káwọ́ gbera. Wọ́n ń rán ẹni tiwọn lọ sí ilé ọkọ.

N kò ní purọ́ pé gbogbo ohun tó wà nínú àṣà yìí ló dára. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹ̀tẹ̀ yẹ̀yẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀tẹ̀ kì í ṣe àrùn àjogúnbá rárá. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ni wọ́n kọ̀ nítorí ohun tí kò jẹ́ ẹ̀bi rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìpìlẹ̀ èrò náà. Àwọn tó dá àṣà yìí sílẹ̀ gbà pé ọmọ tí a kò tíì bí, tí a kò tíì lóyún rẹ̀ pàápàá, ti ní ẹ̀tọ́ lórí àwọn tí yóò bí i. Wọ́n gbà pé ara ìyá àti ara bàbá ni ilẹ̀ tí a ó gbìn ín sí, àti pé kí a tó gbìn ni a ń yẹ ilẹ̀ wò.

Nínú gbogbo ìbéèrè àtijọ́ wọ̀nyẹn, ẹyọ kan ló padà wá bá wa ní aṣọ tuntun: àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí ni kì í so tọkọtaya pọ̀ mọ́ láìrí ìwé rẹ̀, kí àrùn foníkú-fọláde má bàa wọlé. Ìlọsíwájú gidi ni èyí. Ṣùgbọ́n bí a bá ti béèrè ìyẹn tán, ó dà bí ẹni pé a ti béèrè ohun gbogbo.

ÌGBÀ TÍ A Ń KỌ́ ỌKÀN

Ẹ jẹ́ kí a ka ọjọ́ pọ̀. Ọkàn wà lára àwọn ẹ̀yà tó kọ́kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lára ọlẹ̀. Ní nǹkan bí ọjọ́ 22 lẹ́yìn tí àtọ̀ bá ti pàdé ẹyin obìnrin, ọkàn, tí kò tíì ju ọ̀pá tín-ín-rín kan lọ, ti ń lù. Kí ọ̀sẹ̀ 8 tó parí, ó ti ká ara rẹ̀ kò, ó ti pín sí ìyẹ̀wù 4, ògiri àti ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ti wà níbi tó yẹ kí wọ́n wà, tàbí kí wọ́n má sí níbẹ̀.

Nígbà wo wá ni ìyá ń mọ̀ pé òun lóyún? Nǹkan oṣù kì í tíì yẹ̀ títí di nǹkan bí ọjọ́ 14 lẹ́yìn ìpàdé àtọ̀ àti ẹyin. Èyí ni pé nígbà tí obìnrin bá ń sọ nínú ara rẹ̀ pé "ti oṣù yìí mà pẹ́ díẹ̀," ó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan péré kí ọkàn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí lù. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2016, wọ́n ní kí aboyún ti kọ́kọ́ rí àwọn olùtọ́jú kí oyún tó ju ọ̀sẹ̀ 12 lọ. Ẹni tó bá dé ní ọ̀sẹ̀ 12 ti pa òfin mọ́, síbẹ̀ wọ́n ti kọ́ ọkàn ọmọ rẹ̀ tán kó tó gba káàdì. Ẹ má sì gbàgbé pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì í lọ títí di oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún.

Àgbẹ̀ kì í dúró kí àgbàdo hù tán kó tó ṣán oko. Ohun tó bá wà lẹ́jẹ̀ ìyá ní àwọn ọ̀sẹ̀ ìkọ̀kọ̀ wọ̀nyẹn ni a fi ń kọ́ ọkàn ọmọ. Bí ṣúgà ló pọ̀ níbẹ̀, òun náà ni. Bí ọtí ni, òun ni. Bí ó jẹ́ pé èròjà kan ló ṣaláìsí, àìsí rẹ̀ yóò hàn.

Ẹyin ló ń di àkùkọ, ọ̀rọ̀ náà sì tún jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń kọ́ wa ni pé gbogbo ẹyin tí obìnrin yóò ní láyé rẹ̀ ni ó ti wà lára rẹ̀ kí a tó bí òun fúnra rẹ̀. Ẹyin tó di èmi tí mo ń kọ ìwé yìí ti wà lára ìyá mi nígbà tí ìyá àgbà lóyún ìyá mi. Àwa tí a ń ki ara wa ní oríkì ilé ìyá, ǹjẹ́ a mọ̀ pé a ti gbé ilé náà rí, ṣáájú ìyá wa pàápàá?

OHUN TÍ A TI RÍ DÁJÚ

Nínú gbogbo ọmọ 100 tí a bá bí láyé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹyọ kan tí àbùkù yóò wà lára ọkàn rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ni a kò mọ ìdí rẹ̀, nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ mi na ìyá ọlọ́mọ lẹ́gba. Ṣùgbọ́n àwọn ohun kan wà tí ìmọ̀ ti fi ìdí wọn múlẹ̀. Obìnrin tó ní ìtọ̀ ṣúgà kí oyún tó dúró, tí a kò sì kápá rẹ̀, ewu pé ọkàn ọmọ rẹ̀ yóò ní àbùkù a máa tó ìlọ́po 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọtí líle, sìgá àti sísanra jù náà ń dá kún un. Àwọn oògùn kan wà fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti fún wárápá tí wọn kò dára fún ọlẹ̀. Dókítà lè fi òmíràn rọ́pò wọn, bí a bá sọ fún un ṣáájú. Ní ọdún 1941, dókítà ojú kan ní Ọsirélíà tó ń jẹ́ Norman Gregg ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ tí ìyá wọn ní irú èéyi kan tí a ń pè ní rubella ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún ń wá sáyé pẹ̀lú àbùkù ojú àti ti ọkàn. Àjẹsára wà fún un lónìí, ṣùgbọ́n kí oyún tó dúró ni a ń gbà á. A kì í fún aboyún.

Kì í ṣe àbùkù tí a bí mọ́ ọmọ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ó kan ọkàn tí ó pé, àmọ́ tí yóò rẹ̀ kí ọjọ́ alẹ́ tó dé. Ẹ̀rí èyí kò jìnnà sí wa. Nígbà ogun abẹ́lé wa, láti 1967 sí 1970, ìyàn mú gan-an ní ìhà ìlà-oòrùn. Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ yẹ àgbàlagbà 1,339 wò ní ìlú Enugu: àwọn tí a bí ṣáájú ìyàn, àwọn tí a bí nígbà ìyàn, àti àwọn tí a bí lẹ́yìn rẹ̀. Ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn ogun, àwọn tí ìyàn bá nínú oyún tàbí nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọwọ́ ni ẹ̀jẹ̀ ríru àti wàhálà ṣúgà pọ̀ lára wọn jù. Ogun ti parí, ọjà ti kún, wọ́n ti jẹun yó fún ogójì ọdún, síbẹ̀ ara wọn kò gbàgbé. Bákan náà ni ó rí ní Holland, níbi tí ìyàn ti jà nígbà òtútù 1944 sí 1945: àwọn tí ìyàn náà bá ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún ni àrùn ọkàn wá pọ̀ láàárín wọn nígbà tí wọ́n dàgbà.

Ebi ń ṣe é, àpọ̀jù náà ń ṣe é. Ní ọdún 2023, ẹgbẹ́ American Heart Association gbé ìwé kan jáde, wọ́n ní kí a máa tọ́jú ọkàn obìnrin kí oyún tó dúró, fún ire òun àti ti ọmọ tí yóò bí. Ohun 8 ni wọ́n ní kí a máa wò: oúnjẹ, eré ìdárayá, jíjìnnà sí sìgá, oorun, ìwọ̀n ara, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, àti ríru ẹ̀jẹ̀.

ÀṢÀ TÓ GBÈ WÁ, ÀṢÀ TÓ Ń DÍ WA LỌ́WỌ́

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Àwọn ìyá wa ní àṣà kan tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu wẹ́kú, èyí ni fífi àyè sí àárín ọmọ. Abiyamọ a máa fún ọmọ lọ́mú fún ọdún 2, nígbà mìíràn ó ń tó 3, kì í sì í bá ọkọ rẹ̀ sùn ní gbogbo àkókò yìí. Obìnrin tó bá gbé oyún pọn ọmọ, ẹ̀sín ni lójú àwọn orogún àti ìyá ọkọ. Ìdí tí wọ́n fún un ni pé àtọ̀ ọkùnrin yóò ba ọmú jẹ́. Ìdí yẹn kò dúró lójú ìmọ̀ òde òní, ṣùgbọ́n ìṣe náà dúró gbọn-in. John Caldwell àti aya rẹ̀, Pat, ṣe ìwádìí lórí àṣà yìí láàárín àwọn Yorùbá, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1977. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ń dámọ̀ràn lónìí pé, lẹ́yìn tí a bá bí ọmọ kan, kó tó oṣù 24 ó kéré tán kí oyún mìíràn tó dúró. Lákòókò yẹn ni ara ìyá ń rọ́pò ẹ̀jẹ̀ àti èròjà tí ọmọ ti kó lọ. Ohun tí ìyá ìyá wa ń ṣe nìyẹn láìka ìwé.

Ṣùgbọ́n àwọn àṣà mìíràn wà tó ń dí wa lọ́wọ́. Èkíní ni fífi oyún pamọ́. Bí iṣu ẹni bá ta, à fi ọwọ́ bò ó jẹ. Nítorí aráyé, obìnrin kì í fẹ́ kí a mọ̀ pé ó lóyún títí ikùn yóò fi tú u fó. Kò sí ohun tó burú nínú pé kí a má sọ fún aládùúgbò. Ohun tó burú ni pé kí a fi pamọ́ fún nọ́ọ̀sì.

Èkejì ni ẹ̀bi. A máa ń wí pé ọmọ tó bá dára ti bàbá ni, èyí tí kò bá dára ti ìyá ni. Ẹ̀yin àgbà, òwe yìí ti pa ọ̀pọ̀ obìnrin lẹ́kún. Ta ló ń fẹ́ èéfín sìgá sínú yàrá tí aya rẹ̀ ń sùn sí? Ta ló ń ra ọtí wálé? Ta ni kì í fi owó ọbẹ̀ sílẹ̀, tó sì ń retí ọmọ alálàáfíà? Ìyá ni wúrà, baba ni jígí. Bí jígí bá fọ́, wúrà nìkan kò lè tún ilé ṣe.

Ẹ̀kẹta ni àdúrà tí èmi fúnra mi gbà ní Ajah. N kò ní kí a má súre fún ìyàwó. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá gbọdọ̀ mọ ẹní, tí gbogbo ojú sì ń wo ikùn rẹ̀ láti oṣù àkọ́kọ́, ìgbà wo ni yóò ráyè yẹ ara rẹ̀ wò? Ó ní láti jẹ́ ṣáájú ìgbéyàwó, nígbà tí ìwádìí máa ń wáyé láyé ọjọ́un.

AJAH LÁNÀÁ ÀTI LÓNÌÍ

Mo fi Ajah ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé ayé méjì ló pàdé níbẹ̀. Létí ọ̀sà, àwọn ìletò apẹja ṣì wà, níbi tí ẹja tútù àti edé kò ti wọ́n, tí ẹsẹ̀ sì máa ń rin ilẹ̀. Lápá kejì ni ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti ilé ìtajà ńláńlá. Omidan tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island lè jí ní aago mẹ́rin ìdájí kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má bàa ká a mọ́ ojú ọ̀nà, kó sì padà dé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Nínú ọkọ̀ ló ti ń jẹ gàlà pẹ̀lú ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Índómì ló ń sè kó tó sùn. Oorun kò tó, ìrìn kò sí, ṣúgà àti iyọ̀ pọ̀. Ẹ fi èyí wé ohun 8 tí mo kà lókè, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ ti bàjẹ́ kí ọkọ tó wá tọrọ rẹ̀. Ní gáréèjì náà, àwọn tó ń ta paraga wà, ìyẹn ewé àti egbò tí a rẹ sínú ògógóró, àwọn obìnrin kan sì ń mu ún bí àgbo lásán. Àgbo tí a fi ọtí rẹ, ọtí ni.

Àwọn ìyá létí ọ̀sà náà ní ìṣòro tiwọn. Èéfín igi ni wọ́n fi ń yan ẹja láti òwúrọ̀ dalẹ́. Nílùú Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ fún ìdajì nínú aboyún 324 ní sítóòfù tó ń lo ẹ̀tánọ́ọ̀lù. Àwọn yòókù ń lo igi tàbí kẹrosíìnì lọ bí ìṣe wọn. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017 fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ èéfín kò ru tó ti àwọn yòókù. Ẹni tí kò lè ra irú sítóòfù bẹ́ẹ̀ ṣì lè gbé ààrò jáde síta gbangba, kó sì dúró síbi tí afẹ́fẹ́ kò ti gbé èéfín bá a.

Ní ti oúnjẹ, a kò nílò láti wá a lọ sókè òkun. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, ẹ̀wà àti ẹja kò tíì tán lọ́jà. Kìkì pé kí a má máa bọ ẹ̀fọ́ lábọ̀jù, kí a má sì máa fún omi rẹ̀ dànù, nítorí inú omi náà ni èròjà folate ń yọ sí. Èròjà yìí náà ló wà nínú oògùn folic acid. Ìwọ̀n gíráàmù 0.0004 lójúmọ́, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí tọkọtaya bá ti ń retí oyún títí di ọ̀sẹ̀ 12, ni a dámọ̀ràn. Ó dájú pé ó ń dáàbò bo ọ̀pá ẹ̀yìn àti ọpọlọ ọmọ. Ẹ̀rí sì wà tó ń tọ́ka sí i pé ó lè ran ọkàn náà lọ́wọ́. Kò wọ́n, ṣùgbọ́n bí a bá dúró di oṣù kẹrin kí a tó lò ó, iṣẹ́ rẹ̀ ti kọjá.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Mo dá a lábàá pé kí a dá ìwádìí padà, kí a sì tún un ṣe. Ní oṣù mẹ́fà ó kéré tán ṣáájú ìdáná, kí àwọn òbí méjèèjì jókòó ti ọmọ wọn, kí wọ́n sọ òtítọ́ ohun tó wà nínú ìdílé: ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ní àbùkù, ikú òjijì. Lẹ́yìn náà, kí ọkọ àti ìyàwó àfẹ́sọ́nà lọ fún àyẹ̀wò pọ̀, kí dókítà wo ẹ̀jẹ̀ wọn, ìwọ̀n wọn, àjẹsára wọn àti oògùn tí wọ́n ń lò.

Mo gbọ́ ohun tí àgbà kan ń sọ: "Ọ̀mọ̀wé, ṣé ẹ fẹ́ kí a tún bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọmọ ọlọ́mọ nítorí ìtọ̀ ṣúgà?" Rárá o, bàbá. Ìyàtọ̀ wà láàárín jẹ́nótáìpù àti àwọn nǹkan wọ̀nyí. Jẹ́nótáìpù kò ṣeé yí padà. Ṣúgà ṣeé kápá, ẹ̀jẹ̀ ríru ṣeé tọ́jú, ọtí ṣeé fi sílẹ̀. Ìwádìí ayé àtijọ́ ń béèrè kó lè mọ ẹni tí yóò kọ̀. Èyí tí mo ń wí yóò béèrè kó lè mọ ohun tí a ó tọ́jú. Kì í ṣe ohun tí alága yóò kà sétí gbogbo ayé. Kó wà láàárín tọkọtaya àti dókítà wọn. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má fi í mọ sí orí bíọ́lọ́jì nìkan. Ẹ kọ́ ọ nígbà tí ẹ bá ń kọ́ wọn ní àṣà ìgbéyàwó, tọkùnrin tobìnrin.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ tún bí òmíràn. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ó kọ́kọ́ dúró. Ó lo oògùn, ó yí oúnjẹ padà, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn láràárọ̀, ọkọ rẹ̀ sì jáwọ́ nínú sìgá. Ó lé ní ọdún 2 tí wọ́n fi ń ṣe èyí. Àwọn kan ń kùn nínú ilé pé ẹ̀yìn ìyàwó mà ti ń mọ ẹní. Kò dá wọn lóhùn. Nígbà tí dókítà sọ pé ṣúgà rẹ̀ ti wálẹ̀ tó, ni wọ́n tó jẹ́ kí oyún dúró. Wọ́n gbé ẹ̀rọ lé àyà ọmọ kejì yìí, wọn kò gbọ́ ariwo kankan. Ẹyọ ọmọ kan kì í ṣe ẹ̀rí fún onímọ̀, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ìyá rẹ̀ jókòó láìfòyà, kò sí ẹni tó bi í ní ohun tó jẹ.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yìn ìyá ni àgbà ti ń rí ọmọ tuntun ní ọjà. Ẹ jẹ́ kí tiwa bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìyẹn, nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣì jẹ́ omidan tí ó ń sáré wọ ọkọ̀ ní Ajah, tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Ọkàn ọmọ náà ti wà lọ́wọ́ wa láti ìgbà yẹn.